Páálí Tí Ọta Mi Kò Bà

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìyàwó mi ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo, ó sì gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Ìbọn ni ó fà á. Bí ìbọn mi kò bá ba páálí ní òwúrọ̀ Sátidé, Sàlímọ́tù yóò padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìlobì, ó sì ti sọ fún mi pé bí òun bá lọ, òun kò ní padà wá. Ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí pé oríṣiríṣi ni wọ́n ń sọ ní Ìjoùn, ìlú wa, èmi kò sì fẹ́ kí irọ́ ti ẹnu mi wọ inú rẹ̀.

Àgbẹ̀ ni mí, Kòkúmọ́ ni orúkọ mi. Ìwé mi kò jìn; kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti dúró. Ọdún mẹ́ta léraléra ni àgbọ̀nrín fi ń jẹ ewé ẹ̀wà mi ní ìdájí, tí yóò jẹ ẹ́ láti etí oko dé àárín bí ẹni pé òun ni ó gbìn ín. Nítorí èyí ni mo ṣe gba ìbọn ẹlẹ́nu kan, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo gbé e délé, n kò mọ ohun tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe sí i.

Mo ra ìwé ìkọ̀wé kan, mo sì ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ fún mi sínú rẹ̀. Bàbá Akínladé, olórí àwọn ọdẹ ìlú wa, ní kí n fi epo díẹ̀ pa inú ìbọn náà. Nathaniel, ọdẹ tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ní díẹ̀ kò tó, kí n jẹ́ kí epo rin ín. Bàbá ní kí n gé ìdí rẹ̀ kúrú díẹ̀, nítorí pé apá mi kò gùn. Nathaniel ní ẹni tí ó bá gé ìdí ìbọn, èjìká rẹ̀ ni yóò ròyìn fún un. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀. N kò gé e. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni mo wé mọ́ ìdí rẹ̀, mo sì so okùn mọ́ ọn kí n lè máa gbé e kọ́ èjìká. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹnu àwọn méjèèjì kò lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ojú.

"Ojú méjèèjì ni kí o là sílẹ̀," ni Bàbá wí. "Ẹni tó bá di ojú kan nínú igbó, ẹ̀gbẹ́ tó dì yẹn ni ẹran máa gbà kọjá."

Mo fa ìlà méjì sí abẹ́ èyí.

Àwọn ọdẹ wa ní àṣà kan. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìbọn yóò kọ́kọ́ yìn ín lójú àwọn àgbà kí ó tó gbé e wọ igbó. Wọn a gbé páálí síwájú òkìtì ọ̀gán ńlá kan lẹ́yìn ìlú, wọn a ka ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹni náà yóò sì yìn ín ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Sátidé tí ó ṣáájú ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni wọ́n pè mí. Mo gbé ìbọn sí èjìká ọ̀tún, mo la ojú méjèèjì, mo fi kóró irin kékeré tí ó wà ní ẹnu ìbọn sí àárín páálí gan-an. Mo yìn ín. Eruku sọ ní apá òsì ọ̀gán. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ náà ni. Ẹ̀kẹta, ibẹ̀ náà ni. Mo lọ wọ̀n ọ́n: ó fi nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan ààbọ̀ jìnnà sí páálí.

"Kòkúmọ́, páálí la ní kí o yìn," ni Nathaniel wí. "Kí ni àwọn ikán ṣe fún ọ?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Bàbá Akínladé kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìbọn tirẹ̀ sí èjìká òsì, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe, ó yìn ín, páálí sì fò sókè.

"Páálí kò ní àrùn," ni ó wí. "Ta ló gbé ẹsẹ̀ ré ìbọn rẹ kọjá?" Àwọn ọdẹ wa gbà pé bí obìnrin bá ré ìbọn kọjá, kò ní ba nǹkan kan mọ́.

"N kò mọ̀, Bàbá. Ṣé kí ẹ bá mi yin tèmi wò?"

"Ìbọn tí a bá fura sí pé wọ́n ti ré kọjá, ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn án. Ṣé obìnrin kankan wọ ibi tí o gbé e sí?"

Mo ní láti sọ òtítọ́. Ní ọjọ́ Túsìdeè, mo fi epo pa ìbọn náà tán, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo jáde lọ wá àkísà. Nígbà tí mo padà wọlé, ìyàwó mi ti wà ní òdìkejì yàrá, ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ibo ló gbà dé òdìkejì?"

"N kò rí i, Bàbá."

"Ṣé o lè búra pé kò ré e kọjá?"

N kò lè búra sí ohun tí n kò rí. Bí mo ṣe wí nìyẹn, mo sì rò pé mo ti ṣe dáadáa.

Bàbá Akínladé mi orí. "Èmi náà rí i rí. Ọdún tí mo gba ìbọn tèmi, n kò lè ba nǹkan kan. Àṣé Ìyá Jemima, ìyàwó mi, ló ré e kọjá. Ó ní òun kọ́. Mo dá a padà sí ilé wọn ní Ìlárá, kò sì pẹ́ tí ìbọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹran."

Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí n kò bá ba páálí ní Sátidé tí ń bọ̀, Sàlímọ́tù yóò wá dúró níwájú gbogbo ọdẹ pẹ̀lú àkùkọ lọ́wọ́, yóò jẹ́wọ́ pé òun ré ìbọn kọjá, yóò sì wà ní ilé bàbá rẹ̀ títí ìbọn náà yóò fi pa ẹran àkọ́kọ́.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, kò kọ́kọ́ pariwo.

"Bàbá Ìdùnnú, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo gbà. Ṣé mo ya ewúrẹ́ ni, tí n ó máa fò lórí ìbọn?"

"N kò ní o ré e kọjá."

"O ò sì ní n kò ré e kọjá."

Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ó wí.

"Ológbò wa sùn lé ìbọn yẹn lórí ní ọjọ́rú," ni ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Abo ni. Ẹ dá òun náà padà sí Ìlobì." Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Bí mo bá dúró lójú ọdẹ tí mo sọ pé mo ṣe ohun tí n kò ṣe, ọmọ obìnrin tó ré ìbọn kọjá ni wọn yóò máa pe Ìdùnnúolúwa ọmọ wa. N ó lọ fúnra mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti orí èyí lọ, má wá mi wá."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, inú òkùnkùn ni mo wà. Mo tú rọ́bà kúrò, mo tún wé e padà. Mo nu epo kúrò, mo tún fi sí i. Mo ka ìwé ìkọ̀wé mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ń bá ara rẹ̀ jà. Nígbà mìíràn, mo gbà pé Sàlímọ́tù kò ré ìbọn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, mo máa ń wo àyè tí ó wà láàárín ẹní àti ògiri, mo máa ń bi ara mi bóyá ènìyàn lè gba ibẹ̀ kọjá lóòótọ́. Mo gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbà mí, ṣùgbọ́n èmi kò gbé aṣọ dání, n kò sì mọ̀ bóyá òun gbé aṣọ dání lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí láti bi í.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, lẹ́yìn tí ó ti di àpò rẹ̀ tán, ó ń parí ṣòkòtò oníbàárà kan. Ó na abẹ́rẹ́ àti òwú sí mi láìwò mí, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo ki òwú bọ̀ ọ́.

"Ojú òsì náà nìyẹn," ni ó wí.

"Kí ni?"

"Ojú ọ̀tún lo máa ń dì bí o bá ń ki òwú. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́. Èjìká wo lo ń gbé ìbọn sí?"

"Ọ̀tún."

"Hẹn-ẹn! Bí mo bá gbé orí sí apá ọ̀tún ẹ̀rọ yìí, tí mo wá ń fi ojú òsì wo ìlà, ṣé ìlà náà kò ní wọ́ ni?"

Kò yé mi. Mo gbé ìbọn jáde láìsí ọta nínú rẹ̀, mo la ojú méjèèjì, mo fi kóró irin náà sí ara igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé wa. Mo di ojú ọ̀tún: kóró náà wà lára igi. Mo di ojú òsì: kóró náà sún kúrò lára igi, ó bọ́ sí ara ògiri balùwẹ̀ ní apá òsì. Mo ṣe é nígbà méje. Nígbà náà ni mo rántí èjìká tí Bàbá Akínladé ń gbé ìbọn tirẹ̀ sí, ọkàn mi sì tún dàrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàwó mi ń sọ ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀ ń sọ ọ̀tọ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, gbogbo wọn ti pé sí iwájú ọ̀gán. Kí n tó gbé ìbọn, mo dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ìgbà wo ni ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbọn sí èjìká òsì?"

"Ẹ gbọ́ o," ni Nathaniel wí, "ìbéèrè ló fẹ́ fi pa àgbọ̀nrín!"

"Mo jábọ́ lórí ọ̀pẹ," ni Bàbá dáhùn. "Eegun èjìká ọ̀tún mi dá. Ọdún tí Ìyá Jemima lọ ni."

"Ṣé ó ti lọ kí ẹ tó jábọ́, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Oṣù kan náà ni."

"Ìbọn ńkọ́, Bàbá? Ìgbà tí ó lọ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹran ni, àbí ìgbà tí ẹ pààrọ̀ èjìká?"

Ó tọ́ka sí páálí. "Yin ìbọn rẹ," ni ó wí.

Mo gbé e sí èjìká ọ̀tún, mo sì di ojú òsì. Lójú mi, ó dà bí ẹni pé mo ń ṣe àìgbọràn sí gbogbo ìlú. Mo yìn ín. Páálí ya sí méjì.

"Ó kú o!" ni Nathaniel ké. "Páálí ti kú o!"

Wọ́n gbé òmíràn síbẹ̀. Mo bà á. Mo ba ẹ̀kẹta.

"O di ojú," ni Bàbá wí.

"Ẹ forí jì mí. Ojú òsì mi ló lágbára, òun ni ó ń fa ìbọn sápá òsì. Ìyàwó mi ló rí i."

Àwọn yòókù sáré lọ wo páálí. Bàbá Akínladé kò lọ. Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀gán, ó di ojú kan, ó là á, ó di èkejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Èmi nìkan ni mo rí i, n kò sì lè sọ ohun tí ó rí.

"Kí ìyàwó rẹ má wulẹ̀ wá síbí," ni ó wí níkẹyìn. Ó yí padà sí ọ̀nà ilé. Ó gbàgbé ìbọn rẹ̀ tí ó fi ti ara igi kan. Nathaniel ni ó gbé e tẹ̀ lé e.

Mo sáré délé. Àpò náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Sàlímọ́tù, láti orí ọta àkọ́kọ́ dé ẹ̀kẹta. Kò dá ẹ̀rọ dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Bí ọta kò bá ba páálí ńkọ́?" ni ó bi mí.

Mo wá èsì tí yóò jẹ́ òtítọ́, n kò rí i.

"Gbé àpò yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà," ni ó wí. "Oníṣòkòtò ń bọ̀."

"Kí n gbé e lọ síbo?"

"Ìwọ náà wò ó."

Mo gbé e, mo sì dúró pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo gbé e wọ yàrá inú lọ, mo sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ń retí kí ó sọ pé ibẹ̀ kọ́. Ó pè mí kí n wá ki òwú bọ abẹ́rẹ́.