Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án Méjì

Fèrè dún, eré dúró. Bọ́ọ̀lù já bọ́ sẹ́bàá àwọ̀n, ó yí gbirigbiri lọ, ẹnikẹ́ni ò mú un. Rẹfirí tó wà lórí àga gíga nàka sáàárín èrò, sí orí bẹ́ǹṣì tí Àpèkẹ́, Ìyá Ìbejì, jókòó sí pẹ̀lú Táíwò ọmọ rẹ̀ àti Hàlímọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ta ló ń nàka sí un?" Hàlímọ̀ béèrè.

"Kì í ṣe àwa," ni Àpèkẹ́ wí. "Kí la ṣe?"

Ohun tí wọ́n ṣe wà lára Táíwò, gbogbo èrò sì ti ń wò ó. Jẹ́sì aláwọ̀ ewé ni, ọrùn rẹ̀ funfun, nọ́ńbà mẹ́sàn-án wà láyà, ó wà lẹ́yìn. Nínú pápá, Kẹ́hìndé tí wọ́n jọ wáyé lọ́jọ́ kan náà wọ irú rẹ̀. Imú kan náà, ìdúró kan náà, nọ́ńbà kan náà.

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló ń díje nínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá àwọn obìnrin n'Íbàdàn, lọ́dún tí ìbejì Àpèkẹ́ pé ogún ọdún. Wọ́n wá mú eré kan, Nàìjíríà àti Gánà, wá sí pápá ilé ìwé kan ní Ẹrúwà, kí àwa ará Ìbàràpá náà lè fojú ara wa rí i. Èrò wá láti Igangan, wọ́n wá láti Tápà. Lọ́rì méjì gbáko ló kó ará Igbó-Ọrà wá nítorí Kẹ́hìndé nìkan. Ohun tí wọ́n rí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹnu ò lè ròyìn rẹ̀ tán. Obìnrin á fò sókè, á dúró lófuurufú bí ẹni tó rí àga jókòó sí, á ro ibi tó fẹ́ lu bọ́ọ̀lù sí dáadáa, kó tó wá lù ú. Bàbá arúgbó kan nídìí igi máńgòrò kàn ń sọ pé, "Súbúhánálláhì, obìnrin rèé o," títí ohùn fi há a lọ́fun.

Ọ̀rọ̀ jẹ́sì wá ńkọ́? Láti ọjọ́ tí Àpèkẹ́ ti bí wọn ni kò ti ra ẹyọ kan rí. Bó bá ra yẹtí fún Táyé, ó ti ra ti Kẹ́hìndé. Nígbà tí inú ń run Kẹ́hìndé, àwọn méjèèjì ló mu àgbo. Wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú nígbà tó ń gbé wọn jó kiri ọjà Igbó-Ọrà, tó ń kọ orin tó fẹnu ara rẹ̀ dá:

"Mo bí kan, mo bí kejì,
Ilé kún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún.
Ẹni bá ta Táyé lọ́rẹ,
Kó ta Kẹ́hìndé nírú rẹ̀."

Nígbà tí Kẹ́hìndé wá mú jẹ́sì ìjọba wálé láti fi hàn án, ìbéèrè kan ló bi í.

"Ti Táyé dà?"

"Màmá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan nìjọba ń fún wa."

"Ìjọba ò bí ìbejì rí nìyẹn."

Ni Táíwò, tó ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Rebecca télọ̀ fún ọdún mẹ́ta, bá tẹ́ jẹ́sì náà sórí tábìlì, ó wọ̀n ọ́n, ó gé irú rẹ̀, ó rán an. Òun ló gbé wọ̀ wá sí Ẹrúwà.

Kóòṣì àwọn ará Gánà, obìnrin kúkúrú kan, ń bá rẹfirí sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Tíṣà Zachariah tó gbọ́ òyìnbó dáadáa ló wá ṣàlàyé fún Àpèkẹ́.

"Ìyá Ìbejì, wọ́n ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án wa ti ń fò látìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, kò rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kì í ṣe ènìyàn kan. Wọ́n ní bí ọ̀kan bá lọ mu omi lẹ́yìn kíláàsì, èkejì ló ń padà wá."

"Omi ló lọ mu lóòótọ́."

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n bí rẹfirí bá gbà wọ́n gbọ́, wọ́n á lé Kẹ́hìndé kúrò nínú ìdíje, eré tòní á sì di ti Gánà."

Fọlábí, kóòṣì tiwa, ti dé, òógùn bo ojú rẹ̀. "Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ dán irú eléyìí wò? Ṣé ẹ fẹ́ ba ti ọmọ yín jẹ́ ni?"

"Èwo nínú wọn?" ni Àpèkẹ́ béèrè, ohùn rẹ̀ ò dẹ̀. Ó wo Kẹ́hìndé nínú pápá. Ọmọ náà ò sunkún, ó kàn káwọ́ gbera, ó ń wolẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré bí wọ́n bá fẹ́ nà án fún ohun tí kò ṣe.

Wọ́n ní kí ìyá bọ́ sínú pápá. Nígbà tó dé ìdí ìlà ẹfun, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Táíwò tẹ̀lé e. Rẹfirí béèrè ọ̀rọ̀, Tíṣà sì túmọ̀ rẹ̀: kí ló ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀?

Àpèkẹ́ wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ogún ọdún ló fi so wọ́n pọ̀. Kò wá ohun tó yà wọ́n rí.

"Ẹ wo ọwọ́ wa," ni Táíwò wí.

Kẹ́hìndé gbójú sókè. Àwọn méjèèjì na ọwọ́ síta pa pọ̀, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ yẹ èékánná rẹ̀ wò nílé ìwé. Kóòṣì Gánà sún mọ́ wọn. Apá Kẹ́hìndé, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, ti pọ́n, ó ti le, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń bà á láti ọdún mẹ́fà. Ti Táíwò ń dán jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n àpá abẹ́rẹ́ wínníwínní kún orí ìka rẹ̀ tòsì, sísọ́ọ̀sì sì ti mú kí àtàǹpàkò rẹ̀ tọ̀tún yi. Obìnrin Gánà náà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé apá ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kẹ́hìndé. Bákan náà ni wọ́n rí. Lẹ́yìn náà ló di ìka Táíwò mú, ó yí etí jẹ́sì rẹ̀ sóde, ó wo ojú rírán rẹ̀ títí. Ó sọ nǹkan fún Tíṣà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ó ní a ò purọ́," ni Tíṣà wí. "Ó ní ta ló rán an, torí ojú rírán tiwọn ò lágbára tó báyìí."

Àpèkẹ́ ò gbọ́. Ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wò. Òun ló wẹ̀ wọ́n, òun ló fi òkèlè sí wọn. Ìgbà wo ni wọ́n di ọwọ́ ẹni méjì?

Rẹfirí ní kí eré máa lọ, àmọ́ kí nọ́ńbà mẹ́sàn-án kan bọ́ aṣọ. Táíwò bọ́ jẹ́sì náà kúrò lórí búláòsì rẹ̀, ó ká a, ó fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Má bínú, Táyé."

"Kí ni mo fẹ́ máa bínú sí, Màmá? Wọn ò mọ ti ìjọba yàtọ̀ sí tèmi."

Bọ́ọ̀lù kan Kẹ́hìndé. Ó sọ ọ́ sókè, ó lù ú, kò sẹ́ni tó rí i títí ó fi kanlẹ̀ lọ́dọ̀ Gánà. Ará Igbó-Ọrà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí oòrùn fi rẹlẹ̀, Nàìjíríà ti borí, àwọn obìnrin Gánà sì ń bọ àwọn tiwa lọ́wọ́ lábẹ́ àwọ̀n.

Kẹ́hìndé sáré wá bá ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ mú ti Táyé wá. Tèmi ti ya lábíyá, ọ̀la la tún máa pàdé Kamẹrúùnù n'Íbàdàn."

Àpèkẹ́ fẹ́ béèrè pé kí ni Táyé máa wá mú. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì, ó na jẹ́sì sí i. Hàlímọ̀ ta ìró bò wọ́n, Kẹ́hìndé pààrọ̀ aṣọ, ó sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́.

Nínú lọ́rì tó ń gbé wọn padà sílé, àwọn obìnrin ní kí Ìyá Ìbejì dá orin. Ó dá a, wọ́n gbè é. Ilé kún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Ìgbà tó dé ìparí ni ègbè dàrú mọ́ wọn lẹ́nu, torí ohun tó sọ kọ́ ni wọ́n ń retí:

"Ẹni bá ta Táyé lọ́rẹ,
Kó bi Kẹ́hìndé ohun tó fẹ́."

"Orin ti yí padà," ni Hàlímọ̀ wí.

Táíwò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, jẹ́sì tó ya wà lórí itan rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà láàárín ètè rẹ̀, ó ń dúró kí lọ́rì jáde nínú kòtò kó lè fi òwú bọ̀ ọ́. Àpèkẹ́ nawọ́, ó di etí aṣọ náà mú fún un.