Ẹni Tí Ọ̀bẹ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọ̀bẹ yọ̀ kúrò lọ́rùn màlúù náà, ó ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ìdí etí. Ẹran náà ké, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá garawa omi dànù, ẹ̀jẹ̀ sì fọ́n sí àwọn tó di okùn mú lójú. Ọ̀gá tún gbé ọwọ́ sókè láti gún un lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ ọ̀hún ń gbọ̀n.

"Ẹ kúrò níbẹ̀ jàre!" Gìrìpá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́, fò dé, ó já ọ̀bẹ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sì parí iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Gbogbo odò ẹran pa lọ́lọ́. Kì í ṣe tìtorí màlúù, ẹran ń kú níbẹ̀ láràárọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pa ẹran lábẹ́ òrùlé páànù yẹn, ẹnikẹ́ni kò já ọ̀bẹ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá alápatà rí. Ọ̀gá ní í fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹni tó bá wù ú, lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ẹni tó ni ọ̀bẹ ló ń pín ẹran, òun ló ń gbani síṣẹ́, òun náà ló ń léni dànù.

Ọ̀gá sì ti lo agbára náà yó, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó ti fi pẹlẹbẹ ọ̀bẹ na àwọn tó pẹ́ dé. Ó ti ti Gìrìpá fúnra rẹ̀ ṣubú sínú gọ́tà ẹ̀jẹ̀ rí, nítorí pé ó rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. Gìrìpá gbé e mì nígbà náà. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Lónìí, ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́.

"Agbára ti tán lára yín," ó wí, ó ń fi ọ̀bẹ tọ́ka. "Ẹ lọ bá ọmọ yín fọ ìfun."

Ọmọbìnrin Ọ̀gá wà nídìí ẹ̀rọ omi, ìfun wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Òun nìkan ló mọ̀ pé ó ti tó oṣù mélòó kan tí ọwọ́ bàbá òun ti ń gbọ̀n, nítorí òun ló ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù kí ará ilé tó jí. Ó ti bẹ̀ ẹ́ títí kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èsì kan náà ni bàbá ń fún un: "Bí mo bá fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ta ni mo tún jẹ́?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín yẹn dun Ọ̀gá ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó kó ẹ̀ṣẹ́ bo Gìrìpá lẹ́nu. Gìrìpá nu ètè, ó wò ó bí ẹni tí eṣinṣin bà lé, ó sì gbá a láyà. Ọ̀gá fi ẹnu gbá etí sìmẹ́ńtì, eyín rẹ̀ kan yọ, òun náà sì balẹ̀ sínú gọ́tà. Gìrìpá tẹ̀ lé e débẹ̀, ó fi bàtà rọ́bà tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn títí ojú rẹ̀ fi ràn. Kò sẹ́ni tó gbè é. Àwọn tí ń du ẹ̀rín músẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ wá ń wo òrùlé.

"Ẹ mú èkejì wá!" Gìrìpá ké. "Ẹ tú okùn sílẹ̀. Èmi nìkan ni màá di ìwo rẹ̀ mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó lágbára níbí!"

Okùn méjì ni wọ́n fi ń mú màlúù níbẹ̀, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, bó ti wù kí ẹran náà kéré tó. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Bí wọ́n ti tú okùn, tí akọ màlúù náà gbóòórùn ẹ̀jẹ̀, ó ju orí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀bẹ fò lọ́wọ́ Gìrìpá, màlúù sì kàn án mọ́ ògiri. Ìwo kan wọ itan rẹ̀ lọ. Orí ẹran tẹ àyà rẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù, egungun sì ń ró. Àwọn yòókù fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ọ̀bẹ balẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà, níwájú Ọ̀gá.

Ó mú un, ó dìde. Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ màlúù náà, ó rí ibi kótópó tí ọrùn ti pàdé orí, ibi tí a ń gún tí ẹran ń wó lójú ẹsẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Ó sì dúró.

"Bàbá, ẹ gún un!" ọmọ rẹ̀ ké.

Ó gbọ́. Ojú òun àti Gìrìpá ṣe mẹ́rin lókè ìwo. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, inú rẹ̀ dùn. Nínú gbogbo ọdún tó fi ń na ènìyàn, tó fi ń pàṣẹ, kò mọ irú agbára yìí rí, èyí tí kò gba kí èèyàn ṣe ohunkóhun. Bó bá kàn dúró báyìí, ọ̀tá rẹ̀ á kú, màlúù ni wọn yóò sì dá lẹ́bi.

"Ẹ gbà mí," Gìrìpá wí. Ẹ̀jẹ̀ ń ti ẹnu rẹ̀ bọ̀.

Ọ̀gá ò mira. Màlúù tún fi orí rún Gìrìpá mọ́ ògiri. Egungun mìíràn dá.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o!"

"Bàbá!" Ọmọ rẹ̀ ti ju ìfun nù, ó ń sáré bọ̀.

Ìgbà náà ló tó gún un. Màlúù wó lulẹ̀ gbì, kò tilẹ̀ ta ẹsẹ̀.

Ariwo ta. Àwọn tó sá lọ rọ́ padà wọlé. "Ọ̀gá! Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ẹni tó ní ẹ ti darúgbó, irọ́ ló pa!" Wọ́n fi aṣọ di itan Gìrìpá, wọ́n tẹ́ ẹ sórí pátákó kí wọ́n lè gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Pẹ̀lẹ́," ó wí, ó na ọwọ́ láti nù ún lójú. Gìrìpá fa ara rẹ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo egungun tó dá, títí orí rẹ̀ fi yọ kúrò lórí pátákó. "Ẹ má bínú, Bàbá," ó ń wí. "Mi ò ní ṣe é mọ́ láyé."

Ó pẹ́ tí Ọ̀gá ti ń wá ohùn yẹn lẹ́nu Gìrìpá. Ó wá gbọ́ ọ tán, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Ó fi ojú wá ọmọ rẹ̀, ó rí i lẹ́nu ọ̀nà. Láyé yìí, ọmọ náà nìkan ni kì í bẹ̀rù rẹ̀, òun ló ń bá a ṣe fàmí-n-fà ọ́ nítorí oògùn, nítorí oúnjẹ tó kọ̀ tí kò jẹ tán.

"Jẹ́ ká máa lọ sílé," Ọ̀gá wí.

"Ẹ gbọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ pè yín." Kò fi ṣe ìbéèrè.

"Ariwo ló pọ̀."

Ọmọ náà gbé ojú sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò pè é ní sà rí. Ó fara mọ́ ògiri kí bàbá rẹ̀ lè ráyè kọjá, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà náà fẹ̀ débi pé màlúù méjì ń gba ibẹ̀ wọlé pọ̀. Ọ̀gá kọjá. Nígbà tó dé títì, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà lẹ́yìn. Ó dẹ ìrìn kí ọmọ lè bá a. Ọmọ náà dẹ ìrìn pẹ̀lú, ó jìnnà sí i díẹ̀, bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti máa ń ṣe.