Ìlà Funfun Lára Pákó Bàbá Mi

Ẹ̀ẹ̀meje! Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ti to àwọ̀ sí ojú òpó ayélujára tí mo ń ṣe fún ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, ẹ̀ẹ̀meje náà ni wọ́n sì ti ní kò dáa. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ìjókòó kì í rẹ èèyàn, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọ̀dà ilé ni bàbá mi ń pò, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ojú lásán ni wọ́n sì fi ń pò ó. Ẹ mú àfọ́kù ògiri wá, ẹ mú bọ́tìnnì ẹ̀wù wá, wọ́n á wò ó, wọ́n á kán èyí sínú tọ̀hún, wọ́n á rò ó, àwọ̀ yẹn gẹ́lẹ́ lẹ máa bá nínú garawa. Àwọn oníbàárà wá sọ wọ́n ní Ojú-Ju-Ẹ̀rọ. Ẹ̀fẹ̀ ni o, àmọ́ bàbá mi kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ìta. Nígbà tó yá, ẹnì kan ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì, ó gbé ẹ̀rọ tó ń po ọ̀dà síbẹ̀. Bí àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá nìyẹn.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó lè gbà wá. Agbaṣẹ́ṣe kan ń kọ́ ogójì ilé, ó sì fẹ́ kí bàbá mi po ọ̀dà gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ilé kò sí nítòsí, orí ayélujára ni wọ́n ti máa wo ṣọ́ọ̀bù wa kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ó fún wa di ọjọ́ Ẹtì.

"Tí èyí bá fi bọ́," bàbá mi wí, "mo ti ṣọ́ọ̀bù pa nìyẹn." Wọn ò pariwo. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ jẹ́jẹ́ yẹn ló já mi láyà.

Torí náà, bí mo bá ti kúrò ní ọ́fíìsì, ṣọ́ọ̀bù ni. Màá gbé kọ̀ǹpútà sórí káńtà láàárín àwọn garawa, ẹ̀yìn á máa ro mí. Mo kọ́kọ́ to búlúù mọ́ funfun, torí ó ń fini lọ́kàn balẹ̀. Bàbá mi ní búlúù yẹn ti fẹ́ di dúdú. Mo to àwọ̀ ewéko, wọ́n ní ṣé oògùn là ń tà ni. Mo to pupa mọ́ dúdú, wọ́n ní ta là ń bá jagun. Àmọ́ funfun ni wàhálà wọn gan-an.

"Funfun yìí dọ̀tí."

"Dọ̀tí báwo, Bàbá? Kò sí funfun tó ju èyí lọ nínú kọ̀ǹpútà yìí!"

"Ó ń pọ́n rúsúrúsú, bí eyín ẹni tí kì í rin pákò."

Ẹ gbà mí o. Bí wọ́n bá sì ti bú u tán, wọ́n á wá gbójú sókè wò mí: "Ìwọ ńkọ́? Báwo ló ṣe rí lójú tìẹ?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù. Ṣebí ojú tiyín ló ju ẹ̀rọ."

Wọ́n á padà sídìí garawa wọn. Èmi náà á pa kọ̀ǹpútà dé pẹ̀lú ìbínú, ó di ọ̀la.

Ní Ọjọ́rú, nọ́ọ̀sì àgbà kan wọlé wá, ìyá tó ń bójú tó ilé ìgbẹ̀bí tó ti ń ra funfun lọ́wọ́ wa láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní ògiri kan ṣoṣo làwọn tún kùn nínú yàrá, àmọ́ kò bá àwọn mẹ́ta yòókù mu, ó ń ṣe búlúù-búlúù. Bàbá mi fò dìde. "Iná yàrá yín ni kò dáa!" Ṣé ẹ mọ̀ pé a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, èmi tó ti rẹ̀ náà bá la ẹnu: "Mà, bàbá mi ti ń po funfun kí wọ́n tó gbà yín síṣẹ́." Ìyá náà wò mí títí, wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Garawa èyíkéyìí tí bàbá mi bá pò tán, wọ́n máa ń ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó gígùn kan lẹ́yìn káńtà, wọ́n á fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ sábẹ́ rẹ̀. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀. Mo ní ó tán! Ara pákó yìí ni màá ti mú àwọ̀. Ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pò, kí ni wọ́n fẹ́ sọ sí i?

Mo fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà máa ń fi nọ́ńbà sọ bí àwọ̀ kan ṣe rí gan-an, kì í ṣojúsàájú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìlà funfun ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn àtàǹpàkò àkọ́kọ́ funfun nini. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, búlúù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ inú wọn, díẹ̀díẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n tẹ̀ lóṣù tó kọjá, tó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ aláró. Mo rò pé fóònù ló ń purọ́. Mo já pákó náà kúrò lára ìṣó, mo gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, oòrùn ò tíì wọ̀. Bákan náà ló rí.

Ìyá nọ́ọ̀sì ò parọ́. Bàbá mi ń rí ìpọ́nrúsúrúsú tí kò sí níbì kan àfi nínú ojú wọn, wọ́n sì ń fi búlúù lé e.

Nígbà tí mo yíjú, wọ́n ti ń wò mí.

"O ti rí i," wọ́n wí.

"Bàbá, láti ìgbà wo?"

"Ó pẹ́. Màmá ẹ ló máa ń jókòó síbi tí o ń jókòó sí yẹn. Mo máa ń bi wọ́n léèrè pé báwo ló ṣe rí. Wọ́n á ní, 'Bàbá wọn, ẹ dín búlúù.' Màá dín in. Kò sẹ́ni tó mọ̀." Wọ́n fi etí ẹ̀wù nu ojú. "Tí mo bá lọ sílé ìwòsàn ojú, gbogbo oníbàárà á gbọ́."

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí màmá mi ti kú.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún èmi?"

"Mo bi ẹ́," wọ́n wí. "Ẹ̀ẹ̀meje."

Mo jókòó sórí garawa, mo sì sunkún bí ọmọdé. Ojú tì mí. Àárẹ̀ tó wà lára mi kò jẹ́ kí n gbọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo sunkún tán, mo ní, "Ọjọ́ Ajé, ilé ìwòsàn ojú. Ẹ má bá mi jiyàn."

"Mi ò jiyàn. Àmọ́ a máa kọ́kọ́ lọ bẹ nọ́ọ̀sì, àwa méjèèjì o. Ìwọ náà fi ẹnu ẹ gún wọn lára."

"Agbaṣẹ́ṣe ńkọ́?"

"Sọ òótọ́ fún un lọ́la. Tó bá ní òun ò ṣe mọ́, kó máa lọ."

"Ṣọ́ọ̀bù yín ńkọ́, Bàbá?"

"Mi ò ní fi irọ́ kun ogójì ilé." Wọ́n na ìka sí kọ̀ǹpútà. "Yọ Ojú-Ju-Ẹ̀rọ yẹn kúrò lókè."

Mi ò fẹ́ yọ ọ́. Wọ́n dúró lé mi lórí títí mo fi yọ ọ́. Ibẹ̀ wá ṣófo.

Bàbá mi fa àpótí ìjókòó, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n di ojú méjèèjì. "Ó yá," wọ́n wí. "Báwo ló ṣe rí lójú tìẹ?"

Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí. Mo fa ojú kọ̀ǹpútà mọ́ra. "Funfun ló wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, bí èyí tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ fún ilé ìgbẹ̀bí. Àwọ̀ amọ̀ wà lókè. Búlúù wà nísàlẹ̀."

"Búlúù yẹn ńkọ́?"

Mo wò ó dáadáa kí n tó dáhùn. "Ó pọ̀ díẹ̀."

"Dín in."

Mo dín in.