Sípíkà Aláwọ̀ Eérú

Ọṣẹ ṣì wà lára ọmọ náà, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí ẹja àrọ̀, nígbà tí Bùkúnmi já a gbà lórí itan Asiat.

"Ó tó, Màmá. Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀."

"Ọmọ ta?" Asiat jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbalaja sínú balùwẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ẹnu ààrò búrẹ́dì rẹ̀ ní Ìkòròdú lọ. Omi ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. "Ọmọ-ọmọ mẹ́tàdínlógún ni mo ti fi ọwọ́ yìí wẹ̀. Èwo ló já bọ́ nínú wọn?"

"Ẹ ń jù ú sókè bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò."

"Kó lè láyà ni!"

"Kò fẹ́ láyà. Ó fẹ́ sùn." Bùkúnmi fi tówẹ̀lì wé Títílayọ̀, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó lọ.

Asiat fẹ́ dìde kí ó lọ bá a parí ọ̀rọ̀ náà ní pálọ̀, ṣùgbọ́n korobá ti gbá ìdí rẹ̀ mú. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní ìdí tó tó báyẹn kì í fi ìbínú dìde lórí korobá. Ó yí sápá ọ̀tún, ó yí sápá òsì. Ó nàró, korobá bá a nàró. Nígbà tó já a bọ́, ó dún "pọ̀ọ́!" bí ìgbà tí wọ́n ṣí ọtí. Ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ó gbé e mì. Ọjọ́ ìjà lọjọ́ náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ló pàdánù.

Ọjọ́bọ̀ ni. Ní ọjọ́ Sátidé ni físà Asiat máa tán. Rasheed ọmọ rẹ̀, ọkọ Bùkúnmi, ti sọ pé kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, òun gbọ́dọ̀ fún ejẹ́ǹtì lésì, nítorí ọ̀la Jímọ̀ kò sẹ́ni tí yóò ṣí ọ́fíìsì. Bí wọ́n bá fi oṣù kan kún un, Asiat á dúró ti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bí wọn kò bá fi kún un, kó máa di ẹrù.

"Ohun tí Bùkúnmi bá ní kí n ṣe ni màá ṣe," ni Rasheed wí. Ó wọ bàtà, ó bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tí Asiat lóyún rẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá gbáko! Asiat bí i tán, òun náà ló wá di ẹni tí ìyàwó ọmọ ń dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ilé náà gan-an kò ran ìjà lọ́wọ́ láti tán. Láti ìgbà tí owó epo rọ̀bì ti já lulẹ̀ ní gbogbo ayé, ilé iṣẹ́ Rasheed ní àdúgbò JLT ti lé ìdajì òṣìṣẹ́ rẹ̀. Tọkọtaya náà kó kúrò ní ilé wọn ní Al Warqa tí yàrá wà fún àlejò, wọ́n wá há sí yàrá kan àti pálọ̀ ní Sharjah, níbi tí ẹni tó bá sín nílé ìdáná ti ń gba "pẹ̀lẹ́" láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Nínú hílàhílo yìí ni Bùkúnmi tún sọ pé òun fẹ́ ra sípíkà. Sípíkà Bluetooth kékeré, tó rẹwà, tó ṣeé gbé láti pálọ̀ wọ yàrá. Asiat gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́ fún obìnrin ilé kejì lẹ́nu ọ̀nà pé òun fẹ́ máa tàn án sétí ọmọ bó bá fẹ́ sùn. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ dáadáa lọ́fun Asiat. Ṣé ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò òun? Ṣé nǹkan oníbátìrì ni yóò máa rẹ ọmọ lẹ́kún, tí òun á wà nínú bàálù pẹ̀lú gbogbo oríkì tí òun kó wá láti ilé?

Ohun kan tún wà. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni Bùkúnmi máa ń ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, fóònù lẹ́bàá etí, láìsọ̀rọ̀ rárá. Ta ló ń gbọ́ ẹjọ́ Asiat lẹ́nu rẹ̀? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn kì í kúkú gbóhùn sókè.

"Màá bá ọ lọ," ni Asiat wí, nígbà tó rí Bùkúnmi tó ń múra àtilọ sí ọjà Deira.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Wọn á rẹ́ ọ jẹ. Mo ti ń nájà kí wọ́n tó bí ọ."

"Ẹ ò gbọ́ èdè wọn, Màmá."

"Èdè wo ni wọ́n ń sọ tó ju 'yalla' àti 'khalas' lọ? Mo gbọ́ méjèèjì: 'ó yá' àti 'ó tán'."

Nínú bọ́ọ̀sì, Bùkúnmi gbé ọmọ kọ́ àyà nínú àpò kan tó ní okùn. Asiat wò ó títí, kò lè pa á mọ́ra.

"Àyà ni wọ́n ń gbé ọmọ pọ̀n sí báyìí? Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́, ṣé o ti fi háyà ni?"

"Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n wò. Ẹwà mi ni wọ́n ń wò."

Bùkúnmi kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi kọjá Al Qusais.

Ará Íńdíà ni ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti fi ojú mọ ará Nàìjíríà. "Mama! How you dey? Come, come. Original sound!" Kí Bùkúnmi tó la ẹnu, ọkàn Asiat ti lọ sọ́dọ̀ sípíkà kan tó ga dé orúnkún, tí iná pupa àti búlúù ń yí po lójú rẹ̀. Ó gbé e, eegun apá rẹ̀ dún. Ó dára bẹ́ẹ̀: ohun tí kò bá wúwo lọ́wọ́, báwo ni yóò ṣe wúwo létí? Ọkùnrin náà tàn án, ìlù kọ lù ú láyà gbìn-gbìn-gbìn, àwọn páálí orí pẹpẹ ń gbọ̀n. Asiat gbá ìdí kan sọ́tùn-ún.

"Èyí ni sípíkà! Bí o bá tàn án ní Sharjah, Ìkòròdú á gbọ́."

"Mi ò fẹ́ kí Ìkòròdú gbọ́," ni Bùkúnmi wí.

Ó mú kékeré kan tó ṣe róbótó lórí pẹpẹ, aláwọ̀ eérú, tí wọ́n fi aṣọ bò, tí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí rẹ̀ tí èèyàn lè fi gbé e kọ́. Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn, ó dín ohùn rẹ̀ kù títí ó fi dà bí ìgbà tí kòkòrò ń rìn lórí ewé, ó gbé e sétí, ó di ojú. Ó mirí. Ó mú dúdú, ó mirí. Ó mú èyí tó ní igi lára, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó mirí.

"You want more bass, madam?"

"No bass. Voice. I want voice."

Asiat na ọrùn, kò gbọ́ nǹkan kan. Ara rẹ̀ gbóná. Ọ̀rọ̀ inú balùwẹ̀ ló tún dé inú ọjà yìí.

"Àṣírí ìjọba lo ń gbọ́ ni? Gbé e sókè kí gbogbo wa gbọ́ ẹni tí ẹ jọ ń bú mi."

"Kò sẹ́ni tó ń bú yín."

"O jókòó sí balùwẹ̀ láràárọ̀, o ní kò sẹ́ni tó ń bú mi! Orí mi pé o, Bùkúnmi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́," ni Bùkúnmi wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ẹ ò tíì dákẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ń kọrin lórí omi, lórí ọbẹ̀, lórí orí mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé mò ń ka ọjọ́ ni? Kí Sátidé ti tètè dé!"

Ọ̀rọ̀ náà bá Asiat bí ìgbájú. Ó wá èyí tó le jù lọ nínú àpò ìbínú rẹ̀, èyí tí gbogbo àgbà máa ń sọ láìronú, ó sì sọ ọ́.

"Ṣé bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

Bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló mọ̀ pé òun ti ṣìsọ. Títílayọ̀ bú sẹ́kún. Bùkúnmi na fóònù sí ọlọ́jà kí ó bá a mú un dání, kí òun lè fi ọwọ́ méjèèjì tún ọmọ gbé. Ọlọ́jà náà rò pé wọ́n ní kí òun so ó mọ́ ńlá tí Mama fẹ́ràn ni. Ó tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mejì.

Ohùn obìnrin kan sì bú jáde, ó kún ṣọ́ọ̀bù láti ilẹ̀ dé àjà:

"Bùkúnmi o! Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ṣé àlàáfíà lẹ jí?"

"Ẹ kú àárọ̀, mà," ni Asiat wí. "A dúpẹ́, mà."

Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wà nílẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ ló pẹ́ dé. Àna rẹ̀ ni, Ìyá Ìsẹ́yìn, ìyá Bùkúnmi, tó fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, tó fún ilé rẹ̀ ní ìyàwó. A kì í dúró gbagidi jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ìyá Ìsẹ́yìn, tó ti lo oṣù márùn-ún nínú ilẹ̀.

"Iná ò sí láti ìjẹta," ni ohùn náà ń bá a lọ. "Ewúrẹ́ ilé kejì tún wá jẹ èlùbọ́ tí mo sá. Mo lé e, mo lé e, ó dúró ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo wá jalè." Ó húkọ́, ó pẹ́ kó tó mí. "Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ, ó ti fò lọ lórí mi. Bí mo bá rántí, màá tún pè ọ́."

Ó tán. Iná pupa àti búlúù ń yí po lójú sípíkà.

"Mama! You fall?" Ọlọ́jà ti sáré yọ lẹ́yìn tábìlì.

"I no fall. Na my in-law. I dey greet am."

Ọkùnrin náà wo sípíkà, ó wo Asiat, ó tún wo sípíkà. Lọ́jọ́ mìíràn, Asiat ì bá ti rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀: arúgbó Ìkòròdú kúnlẹ̀ kí páálí ní Deira! Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò wá. Ohun tó wá ni ọ̀rọ̀ kan tí òun fúnra rẹ̀ sọ lórí fóònù ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí Bùkúnmi ń sunkún pé òun fẹ́ wálé. Ó ní aboyún kì í lọ síbi òkú. Ó ní èèwọ̀ ni. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gé fóònù, nítorí búrẹ́dì wà nínú ààrò.

Ó di tábìlì mú, ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"Ohùn wọn mélòó ló kù?" ló bi Bùkúnmi.

"Mọ́kànlá, nínú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi." Ọmọ náà ti dákẹ́. "Òun ni mò ń gbọ́ ní balùwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu fóònù mi ti bàjẹ́, ó ń ya létí. Mo fẹ́ kí Títí mọ ohùn wọn."

Asiat na ìka sí ọ̀gá sípíkà tó ti fẹ́ràn. "Pa tìyẹn. Ó sọ wọ́n di sọ́jà." Ó fa ìjókòó kan, ó jókòó jẹ́ẹ́. "Fi sí kékeré wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbé e sókè díẹ̀."

Wọ́n gbọ́ dúdú. Wọ́n gbọ́ èyí tó ní igi lára. Ogójì ọdún ni Asiat fi ń fi ìka kan ìdí búrẹ́dì, tó ń gbọ́ bó ṣe dún, kó tó mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti jinná. Etí tó fi ń ṣe é ló tẹ́ sílẹ̀ báyìí. Níkẹyìn wọ́n padà sí aláwọ̀ eérú. Níbi tí Ìyá Ìsẹ́yìn ti húkọ́, Asiat gbọ́ bí èémí ṣe kọ́kọ́ há, tó sì wá tú sílẹ̀. Ó gbọ́ adìyẹ kan lẹ́yìn ilé.

"Adìyẹ wà níbẹ̀," ló wí.

"Níbo?"

"Lẹ́yìn wọn. Tún un fi sí i."

Bùkúnmi tún un fi sí i, ó tẹ orí sí i. Ojú rẹ̀ yí padà. "Mi ò gbọ́ adìyẹ yẹn rí," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èyí ni wọ́n rà.

Aago mẹ́rin ti kọjá nígbà tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì padà. Rasheed pè: ejẹ́ǹtì ń dúró, kí ni kí òun sọ? "Màá pè ọ́ padà," ni Bùkúnmi dá a lóhùn. Kò wo Asiat. Asiat náà kò bẹ̀ ẹ́; ẹnu tó fi bú ìyá ẹni, kò mọ bí yóò ṣe tún fi ẹnu náà bẹ̀bẹ̀.

Bùkúnmi gbé sípíkà sórí itan, ó fi ohùn mìíràn sí i, rọra, nítorí àwọn èrò. Ìyá Ìsẹ́yìn ń kọrin fún ọmọ tí wọn kò tíì bí:

"Òjò ń rọ̀, ìgbín ò sá,
Ilé ìgbín ń bẹ lẹ́yìn ìgbín,
Ọmọ mi ò ní sá..."

Ikọ́ dé. Ohùn náà gé.

"Màmá," ni Bùkúnmi wí, ojú rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé, "kí ló tẹ̀lé e?"

Asiat la ẹnu. Kò sí ohun tí wọ́n bi í rí nípa rírẹ ọmọ lẹ́kún tí kò ní èsì sí. Bí kò bá tilẹ̀ ní, ó lè hun ún. Ó ti hun oríkì fún ọmọ mẹ́tàdínlógún, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni yóò mọ̀? Òkú kì í bá èèyàn jiyàn. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti ń tò lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ó ń dùn.

Ó pa ẹnu dé.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "Orin Ìsẹ́yìn ni. A ò ní in nílé tiwa."

Bùkúnmi yíjú sí i nígbà náà. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé ìjà ti tán. Ó kàn tú okùn àpò náà, ó gbé Títílayọ̀ tó ń sùn lé itan Asiat, ó sì mú fóònù láti pe ọkọ rẹ̀.

"Ní kí wọ́n fi oṣù kan kún un," Asiat gbọ́ tó ń wí. "Oṣù kan péré."

Ariwo ọ̀nà gba ìyókù. Asiat tẹ ẹnu sétí ọmọ náà bí ìṣe rẹ̀, orin tirẹ̀ ti dé ètè. Orí ọmọ náà gbóná díẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Ìkòròdú wà níbẹ̀, ó mọ ìyẹn dáadáa, ó ti pariwo rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìdajì ọmọ yìí ti ilé kan wá tí òun kò wọ̀ rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ilé tí òun kò mọ orin rẹ̀, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n ti lọ.

"Tún un fi sí i," ló wí fún Bùkúnmi, ó sì tẹ́tí.