Fìlà Tí Kò Wọ Orí Ọmọ

Ìyá arúgbó kan wà tó ń fi òwú hun fìlà tà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ orin. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, bíríkìlà ni; ìyàwó ọmọ náà, télọ̀.

Nígbà tí ìyàwó bí àkọ́bí, oṣù keje lọmọ já wọlé, bí àlejò tó dé kí wọ́n tó gbálẹ̀. Fìlà tí ìyá ti hun dè é bò ó dé àgbọ̀n. Ìyá tú u, ó tún un hun, kò ju ọsàn lọ. Àyà ni ìyàwó gbé ọmọ lé, ara kan ara. Bó bá rẹ̀ ẹ́, bíríkìlà a bọ́ ẹ̀wù, a gbà á. Ọmọ yè o! Kékeré ni wọ́n ń pè é.

Kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò ni ìyá ti gbé orin tuntun dé:

"Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí,
Kékeré, àbúrò ẹ dà?"

"Màmá, orin yín dùn, ṣùgbọ́n mi ò ní jó o," ni ìyàwó wí nídìí máṣíìnì. "Nọ́ọ̀sì ní bí oyún bá tètè lé oyún, èyí tó ń bọ̀ náà lè má dúró pé oṣù. Mo ti gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí. Ó dìgbà tí Kékeré bá ń sáré, kára mi sinmi ná."

"Sinmi kẹ̀? Nígbà tiwa, ta ló ń sinmi?"

Bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí èmi nìkan! Ìsinmi wo ló tún jùyẹn lọ? Ìyá mi, bí kọnkéré ò bá tíì gbẹ, èmi kì í kó bíríkì lé e. Àwa méjèèjì la jọ fẹnu kò. Sìgá gan-an, mo ti jù ú nù nítorí ẹni tó ń bọ̀."

Ìyá kùn títí, ó gbà.

Ìgbà tí Kékeré di eléré ìje nínú ilé, oyún dé. Bó ṣe wọ oṣù keje báyìí, orin sá lẹ́nu ìyá. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, a sá. Ó ń hun fìlà tín-ín-tìn-tín, ó ń kó wọn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ìyàwó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ kan, ó rí wọn. "Màmá, ta ló ni gbogbo èyí? Ṣé ọmọlangidi lẹ fẹ́ dé e fún ni?"

"Má bínú, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ìyàwó fa ọwọ́ ìyá, ó gbé e lé ikùn. Ọmọ inú ta á nípàá, gbì!

"Ẹ gbọ́? Ó ní òun ò kánjú."

Oṣù keje kọjá, ìkẹjọ náà kọjá. Ìgbà tí oṣù pé, ọmọbìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan dé ní ilé ìwòsàn, tó ń ké bí ẹni tó wá gbalé. Ìyá sáré mú ọ̀kan nínú àwọn fìlà tín-ín-tìn-tín náà jáde, ó fi dé e. Fìlà jókòó sí àtàrí ọmọ bí ìdérí ìgò lórí ìkòkò!

Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rín di ikùn mú. "Màmá, ẹ̀ṣẹ̀ kí lọmọ yìí ṣẹ̀ yín?"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá tọ́ka sí yàrá gbígbóná níbi tí àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé ń sùn. "Ẹ kó ìyókù wá. Orí wà níbẹ̀ tó ń retí wọn." Tayọ̀tayọ̀ ni ìyá fi kó gbogbo ẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ó fa òwú tuntun yọ, ó fi wọn orí ọmọ-ọmọ rẹ̀, orin sì padà:

"Ọwọ́ méjì gbẹ́rù dórí o,
Kékeré, àbúrò ẹ rèé!"

Ìyàwó la ojú kan. "Màmá, ẹ má kọrin kan ẹ̀kẹta o!"

"Ta ló mẹ́nu ba ẹ̀kẹta? Sùn, jàre. Kọnkéré ò tíì gbẹ."