Linux tí Fàsásì Yàn

Lọ́dún 1999, nígbà tí ààwẹ̀ ku bí oṣù kan, Fàsásì pinnu pé fáírọ́ọ̀sì ti jẹ kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù òun tó. Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní Bẹẹrẹ, lójú ọ̀nà tó gòkè lọ sí Mápó. Ibẹ̀ ni òun àti Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti ń tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà. Ètò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹnìkan ló dà á kọ fún wọn láìgbàṣẹ, àìsàn sì bá a wọlé. Fàsásì ní òun ò fi nǹkan ajígbé ṣiṣẹ́ mọ́. Ètò Linux ni òun fẹ́, èyí tí wọ́n ń fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́.

Oyèdélé ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ágodi, kó síídì wá fún un. Linux kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo. Bí ìyá méjì ṣe lè ra ẹ̀wà lórí àtẹ kan náà, kí oníkálukú sì sè é bó ṣe wù ú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń dì í ṣe ń ṣe é. Oyèdélé gbé ẹ̀yà méjì, Slackware àti Red Hat, sórí tábìlì.

“Red Hat ni kó o mú,” ó ní, “kó o sì gbé KDE lé e lójú. KDE yìí, àwòrán ló fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Tí fọ́tò bá wà nínú fáìlì, wàá rí fọ́tò ọ̀hún ní kékeré kó o tó ṣí i rárá.”

“Mẹ́mórì ńkọ́? Ṣé kì í jẹ ẹ́?”

“Ó máa ń jẹun díẹ̀.”

“Mi ò bọ́ ohun tí kò ní ṣiṣẹ́. Ọ̀lẹ ló ń wo àwòrán.”

“Ìwọ ọkùnrin yìí! Tí wọ́n bá gbé àga fún ọ, wàá ní ilẹ̀ tó, pé àga ń fi igi ṣòfò.”

Àtọ́kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Fàsásì wò ó, Àtọ́kẹ́ gbé ẹ̀rín mì.

Fàsásì kò rí iléèwé gíga lọ. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ló kà títí ó fi mọ kọ̀ǹpútà, ohun tó sì fi gba gbogbo rẹ̀ já ni pé kò fàyè gba àṣejù. Ó mú Slackware. Ojú tó fi lé e ṣófo bí ògiri: èèyàn á tẹ orúkọ fáìlì, fáìlì á ṣí. Ó sì yá lóòótọ́.

“Bàbá Kúlúsúmù,” Àtọ́kẹ́ pe ọkọ rẹ̀, “iṣẹ́ kàlẹ́ńdà ilé yín ló wà nílẹ̀ yìí. Sàláúdéènì tó wà nílé yín kì í ṣe ẹyọ kan. Tí mi ò bá rí ojú wọn, báwo ni mo ṣe máa mọ èwo lèwo? Ẹ jẹ́ ká lo ti Bọ̀dá Oyèdélé.”

“Orúkọ wà lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan. Kí lo tún fẹ́ fojú ṣe?”

Ní agbo ilé wọn n'Ísàlẹ̀ Òsì, fọ́tò àwọn àgbà ni wọ́n ń tò sórí kàlẹ́ńdà lọ́dọọdún. Mọ́gàjí, olórí ilé, a wà lókè, àwọn tó kù a tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe dàgbà sí. Àtọ́kẹ́ mọ ìtẹ̀léra yìí láti orí eékún wá. Láàárọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyàwó ilé ń kúnlẹ̀ láti yàrá dé yàrá, èyí tó bá sì fo ẹnu ọ̀nà kan, yóò gbọ́ ọ títí di ọdún míì. Fàsásì tó jẹ́ ọmọ ilé kì í rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Àárín àgbàlá ló ti ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo wọn.

Nítorí náà, ó gbé Mọ́gàjí sókè, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà to àwọn tó kù ní A B D, bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti máa to fáìlì. Àtọ́kẹ́ ní kí àwọn kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan wò. Fàsásì ní kí wọ́n má fi tàdáwà ṣòfò. Ó gbé iṣẹ́ lọ fún àwọn onítẹ̀wé tó ń bá wọn tẹ iṣẹ́ ńlá.

Ọjọ́ ìpàdé ilé ni wọ́n pín kàlẹ́ńdà náà. Bàbá Sàláúdéènì, àgbà tó tẹ̀ lé Mọ́gàjí, tó gba Fàsásì tọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, wá ojú ara rẹ̀ lórí ìwé títí. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti bá a. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́gàjí ni Bọ́lájí, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún.

“Bọ́lájí, ẹ kú oyè o!” obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn.

“Ṣé mo wá di àbúrò rẹ ni?” Bàbá Sàláúdéènì bi Bọ́lájí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bọ́lájí na ara rẹ̀ gbalaja sílẹ̀.

Mọ́gàjí gbé kàlẹ́ńdà sókè. “Ta ló to èyí?”

“Àtọ́kẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù,” Fàsásì dáhùn.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, irọ́ sì ni. Àtọ́kẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, bàbá wa.”

“Ìyàwó tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń kọ́kọ́ kí!” ìyálé kan ní. “Ta ló tiẹ̀ kọ́ ọ nílé?”

Fàsásì dúró níbẹ̀, òógùn bò ó nínú agbádá.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ gba Red Hat lọ́wọ́ Oyèdélé, ó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó gbé KDE sókè. Nígbà tó ṣí àpò fọ́tò, ojú àwọn àgbà ilé kún iwájú rẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Ó pe Àtọ́kẹ́. Àtọ́kẹ́ jókòó, ó gbá máàsì mú, ó ń fà wọ́n sí ipò wọn níkọ̀ọ̀kan, Bàbá Sàláúdéènì ṣáájú, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Kò pẹ́ tó fi tò wọ́n tán.

“Ó rọrùn,” ó ní.

Fàsásì ń retí kó tún sọ̀rọ̀.

“Ẹ ti tún kọ̀ǹpútà ṣe, Bàbá Kúlúsúmù. Láàárọ̀ ọdún ìtúnu ààwẹ̀, tí mo bá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àkọ́kọ́, kí ni kí n wí?”

Iná wà, oníbàárà jókòó, síbẹ̀ Fàsásì dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì. Ó bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n pe Mọ́gàjí, kí wọ́n sì pe àwọn ìyálé náà. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Sàláúdéènì.

“Èmi ni mo tò ó. Àtọ́kẹ́ mọ ipò gbogbo yín. Ó bẹ̀ mí kí n jẹ́ kóun rí fọ́tò yín, mo ní ìfiṣòfò ni. Nígbà tí ẹ bèèrè, mo fi í bo ara mi.”

Ìyálé tó sọ̀rọ̀ lánàá ń wo ilẹ̀.

“Kọ̀ǹpútà tó o fi ń yangàn yẹn,” Bàbá Sàláúdéènì ní, “ṣé kò lè fi fọ́tò han èèyàn ni?”

“Ó lè fi hàn, Bàbá. Èmi ni mo ní kò pọn dandan.”

“Ẹ lọ pe ìyàwó wa ní Bẹẹrẹ,” Bàbá wí. “Etí rẹ̀ ló yẹ kó gbọ́ èyí.”

Ẹnìkan gbéra. Ọ̀nà náà jìn díẹ̀, òkè ni yóò sì gùn. Fàsásì dojú bolẹ̀ níbi tó wà. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.