Orúkọ Tí Ìyàwó Fún Ọmọ Ilé

"Orí kẹrin ni àwọn adájọ́ mú, mà," ni Faith wí, ó sì ṣí ìwé náà síwájú Mùtmàínà lórí tábìlì. "Òun la máa kà ní gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ Sátidé."

Àwọn tó ni Ẹ̀bùn Kálàmù Orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń fún òǹkọ̀wé, ló rán Faith wá sí Ẹ̀jìgbò láti Ìbàdàn. Mùtmàínà, tíṣà Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan, tó kọ ìwé náà, fi ìka tọ ojú ìwé náà láti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe sí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, ìka rẹ̀ dúró.

Ó ti rò pé òun ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lùkmọ́nù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti di Sàláwù nínú ìwé. Àlíù, ọ̀rẹ́ Lùkmọ́nù tó kú sí Àbíjàn nígbà ogun tó bẹ́ lẹ́yìn ìdìbò, ti di Tàjù. Àmọ́ ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Mùtmàínà wọlé, Pátírọ́ọ̀nù ló ń pe Lùkmọ́nù, bí àwọn ará Àbíjàn ṣe ń pe ọ̀gá, kò sì sí ẹlòmíì tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Nígbà tó ń pààrọ̀ orúkọ inú ìwé, orúkọ ló ń wá kiri. Èyí tó ti mọ́ ọn lẹ́nu kò jọ orúkọ lójú rẹ̀ mọ́. Òun ló jókòó síbẹ̀ gàdàgbà yìí. Ìyàwó inú ìwé ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Pátírọ́ọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí gétì fún un."

Pátírọ́ọ̀nù kò sì ṣí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbá gétì níta, àwọn tó ń lé e ti sún mọ́ tòsí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì jókòó sínú òkùnkùn títí ariwo fi dákẹ́. Lùkmọ́nù ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Mùtmàínà nígbà kan tí ibà dá a dúbúlẹ̀, tó rò pé òun ò ní yè é. Ohun tó sọ fún Màmá Kùdírátù, ìyá Àlíù, yàtọ̀. Ó ní orí itan òun ni Àlíù kú sí, pẹ̀lú kàlímọ̀, gbólóhùn ìjẹ́rìí Mùsùlùmí, lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà wúwo fún ọkàn Mùtmàínà láti dá gbé, ló fi sọ ọ́ di ìtàn.

Ó bi Faith bóyá wọ́n lè ka orí mìíràn. Faith ní kò ṣeé ṣe, àfi kí òǹkọ̀wé yọwọ́ pátápátá kí Sátidé tó pé. Ó ní àwọn kan ti yọwọ́ rí. Mùtmàínà bi í pé àwọn wo. Ọmọbìnrin náà ronú títí, kò rántí orúkọ ẹnì kankan.

Mùtmàínà mọ ìtàn ẹ̀bùn náà dunjú, ó fi ń kọ́ ọmọ níwèé. Ẹni tó kọ́kọ́ gbà á, orí ẹṣin ni àwọn ará ìlú rẹ̀ ní Òkè-Ògùn gbé e sí, wọ́n sì mú un yí ìlú ká. Ẹni tó tẹ̀lé e, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà. Ìlú oníkálukú ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ka ìwé rẹ̀, nítorí òfin wọn ni pé kí ará ilé gbọ́ kí ayé tó gbọ́. Àmọ́ ẹnì kan wà tí kì í dárúkọ ní kíláàsì. Ọláídé nìyẹn, tó kọ nípa ilé bàbá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ka ìwé náà tán, àwọn ẹbí rẹ̀ dìde, wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ nǹkan kan. Ó gba ẹ̀bùn o. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, orí rédíò ló ti gbọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnì kan ti ya fọ́tò ojú ìwé náà láti inú ẹ̀dà tó wà ní gbọ̀ngàn, ó ti gbé e sórí wasáàpù àdúgbò, gbogbo wọn sì mọ ẹni tí Mùtmàínà ń pè ní Pátírọ́ọ̀nù. Irfan, ọkọ Mùtmàínà, pè é láti Àbíjàn pé kó yọwọ́ ńbẹ̀. Kò bi í bóyá òótọ́ ni. Ìyẹn ló dùn ún jù. Àbúrò Mùtmàínà tó fẹ́ gbé iṣu tí wọ́n máa fi ṣe àlejò ọjọ́ Sátidé wá láti Másífà fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé ara òun ò yá. Àwọn tó máa ń kí i ní "Tíṣà wa" lẹ́bàá mọ́sáláásí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ bó bá ń kọjá.

Lùkmọ́nù wá sọ́dọ̀ Mùtmàínà láàárọ̀ Jímọ̀. Kò wọlé. Orí ọ̀kadà rẹ̀ ló jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà.

"Mùtmàínà."

"Ìyàwó mi" ni Lùkmọ́nù máa ń pè é tẹ́lẹ̀. Kò gbóhùn sókè, ojú rẹ̀ kò pọ́n, èyí gan-an ló sì kó ìbẹ̀rù bá obìnrin náà.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ló fi dáhùn. Orúkọ tó máa ń pè é kọ̀, kò gba ẹnu rẹ̀ jáde.

"Ìyá Àlíù ń múra àtilọ síbẹ̀ lọ́la. Ó ti ní kí wọ́n bá òun lọ aṣọ." Ó tún kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ mú. "Ẹyin lohùn, Mùtmàínà."

Ó ṣáná sí ọ̀kadà náà, ó lọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Mùtmàínà mọ ohun tí òun máa ṣe. Òun ò ní yọwọ́. Àmọ́ ìyá ò ní jókòó sáàárín èrò kó tó gbọ́ bí ọmọ òun ṣe kú. Ó mú ìwé náà, ó sì gba ilé Màmá Kùdírátù lọ, ó ń to ọ̀rọ̀ tó máa fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, ó rí ọ̀kadà Lùkmọ́nù lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ padà, ó fipá mú un wọlé.

Lùkmọ́nù wà lórí ẹní lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá àgbà náà. Mùtmàínà kúnlẹ̀ kí i.

"Jókòó, ọmọ mi," ni Màmá Kùdírátù wí. "Lùkmọ́nù ní irọ́ lo kọ sínú ìwé. Ó ní kí n má dé gbọ̀ngàn lọ́la."

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ, Màmá," ni Lùkmọ́nù wí. "Mo ti ṣàlàyé bó ṣe rí fún yín."

Ìyá náà gbé ọwọ́ sí i pé kó dúró.

"Láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti kú ni mo ti ń gbọ́ òótọ́ tìẹ, Lùkmọ́nù, ọkàn mi ò sì balẹ̀ rí." Ó yíjú sí Mùtmàínà. "Ka irọ́ tìẹ fún mi, kí n gbọ́."

Mùtmàínà wo ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti lanu báyìí, òun ò nílé nínú agboolé wọn mọ́, yálà ẹ̀bùn dé tàbí kò dé. Lùkmọ́nù kò wò ó. Kò sì dìde.

Mùtmàínà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣí orí kẹrin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń kàwé fún ẹni tí kò ní fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.